Láyí àti Àwòrán Ìyá Tó Kúnlẹ̀

Tí Láyí bá ya ènìyàn tán, á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú àwòrán náà, á wá bi mí pé, "Bàbá Mùjíbátù, kí ló ń ṣe ẹni yìí?" Tí mo bá lè sọ ọ́ láìrí ojú, àwòrán náà yege. Tí n kò bá lè sọ ọ́, á fi àkísà nù ún kúrò, á tún bẹ̀rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélógún ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti tèmi fi fara ti ara wọn ní Olódò. Èmi ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, òun ń kọ pátákó. Èmi ni mo ń gé pákó tí ó ń kọ nǹkan sí.

Abúlé Ìrókò ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Èédú ni ó fi ń yàwòrán nígbà tí ó wà ní kékeré, lórí àpò sìmẹ́ǹtì tí ó ti ṣófo. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Ìwó Road kí ó lọ kọ́ṣẹ́. Lẹ́tà ni ọ̀gá náà kọ́ ọ. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi òwú tí wọ́n ti kùn ní ẹfun fa ìlà kí lẹ́tà má baà wọ́. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ya orí fún àwọn onígbàjámọ̀. Orí mẹ́fà lórí pátákó kan, irun mẹ́fà, ojú kan náà. Láyí ya irú orí bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́tàdínlógójì. Ó sọ fún mi pé kò sí ẹyọ kan nínú wọn tí ó ní ọrùn tó ń ronú.

Àwọn elégbòogi nìkan ni wọ́n máa ń jẹ́ kí ó ya ènìyàn tí nǹkan ń ṣe. Ẹni tí inú ń run. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Ó ya ọkùnrin kan tí jẹ̀díjẹ̀dí ń bá jà fún elégbòogi kan ní ọjà Olódò. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ kan di ògiri mú, orúnkún rẹ̀ ń wọ inú ara wọn, ó sì ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí ó ń wá owó tó já bọ́. Elégbòogi gbé pátákó náà padà wá ní ọjọ́ kẹta.

"Láyí, ọkùnrin rẹ yìí ń jẹ̀rora jù."

"Ṣebí jẹ̀díjẹ̀dí ló ń ṣe é."

"Ó dà bí ẹni tí oògùn mi ò ní ràn. Bá mi jẹ́ kó rẹ́rìn-ín díẹ̀."

Láyí fi ẹ̀rín sí i lẹ́nu. Kò gba owó kankan sí i. Ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa, bẹ́ẹ̀ n kò ṣẹ̀ ẹ́.

Tí kò bá sí iṣẹ́, á lọ jókòó ní ìdíkọ̀, á máa wo àwọn èèyàn. Ó ní ojú lè parọ́, èjìká kì í parọ́. Ó ní ẹni tí wọ́n bá pè lórí fóònù pé ènìyàn rẹ̀ kú, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń gbọ́. Mo lọ jókòó tì í nígbà kan kí n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Òótọ́ ni.

Àwòrán kan wà tí ó ń gbé kiri nínú rẹ̀ tí kò yà. Mo mọ̀ ọ́n nítorí ó sọ ọ́ fún mi tó ìgbà mẹ́wàá.

Lọ́dún 1991, ìyàwó rẹ̀ ń rọbí ní ilé ìgbẹ̀bí ìjọ Aládùúrà kan ní Olódò níbí. Yàrá méjì ni ilé náà nígbà náà. Ìyá Gbọ́njúbọ́lá ni agbẹ̀bí ibẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ní ọ̀sán. Ọmọ náà ti ń mira láti àárọ̀, ó wá dákẹ́. Láyí dúró sẹ́yìn fèrèsé. Afẹ́fẹ́ ká aṣọ fèrèsé sókè, ó sì rí inú yàrá. Ìyàwó rẹ̀ wà lórí ìdúró, ó di irin fèrèsé kejì mú. Ìyá Gbọ́njúbọ́lá kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì níwájú rẹ̀. Wọ́n gbé etí òsì lé e níkùn. Wọ́n di ojú. Ọwọ́ ọ̀tún wọn wà lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n fi dì í mú kó má baà ṣubú. Gèlè wọn ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn ará ìjọ tó ń kọrin ní yàrá kejì dákẹ́. Láyí ní ó tó ìgbà tí ènìyàn á fi ka ení títí dé ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà Ìyá Gbọ́njúbọ́lá sọ̀rọ̀ láìgbé orí kúrò. Wọ́n ní, "Ó wà níbẹ̀."

Ọmọ náà ni Ṣeunfúnmi. Ajíbọ́dè ni ó ń gbé báyìí, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ìwé kan.

Mo bi Láyí nígbà kan pé kí ló dé tí kò fi ya ohun tí ó rí yẹn. Ó ní ọwọ́ òun kò tíì tó o.

Ìyá Gbọ́njúbọ́lá, tí gbogbo ìjọ ń pè ní Màmá, kú ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàdọ́rùn-ún. Ìjọ wá kọ́ ilé ìgbẹ̀bí tuntun, yàrá mẹ́fà. Wọ́n fẹ́ àwòrán Màmá tí wọn yóò gbé kọ́ sí ògiri àbáwọlé. Alàgbà Jacob ni alága ìgbìmọ̀. Òun ló wá sọ́dọ̀ Láyí pẹ̀lú Sanmí, àkọ́bí Màmá lọ́kùnrin, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n mú fọ́tò kan dání. Màmá jókòó sórí àga nínú fọ́tò náà, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, ẹsẹ̀ méjèèjì papọ̀.

Láyí wo fọ́tò náà, ó dá a padà fún wọn.

"Mo mọ Màmá ju fọ́tò lọ," ó ní.

"Ṣe é kó dára ni," Alàgbà Jacob dáhùn. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sanmí fi fọ́tò náà sílẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Láyí sọ ti ojú rẹ̀ fún mi. Ojú òsì ti ń ṣú láti ẹ̀gbẹ́ láti bí ọdún méjì. Dókítà ojú ti sọ fún un pé èyí tó lọ kò ní padà, pé ti ọ̀tún náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Eléyìí ni mo fẹ́ yà kí ó tó ṣú tán, Bàbá. Tí mo bá ya eléyìí, ó parí."

Mo gé pákó fún un, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ní gígùn, mẹ́rin ní fífẹ̀. Mo fi bébà oníyanrìn ha á lẹ́ẹ̀mẹta. N kì í ha ti onígbàjámọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ó ní kí n wá ran òun lọ́wọ́ kí òun lè mọ bí ara ṣe ń tẹ̀. Ó kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi lórí ẹ̀rún pákó, ó gbé etí òsì lé kọ́bọ́ọ̀dù kan tí n kò tíì kùn. Ó ní kí n wọn òun. Mo mú tépù. Láti gìgísẹ̀ rẹ̀ dé ìdí jẹ́ íǹṣì mẹ́rin, kò jókòó sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Èjìká òsì fi íǹṣì méjì ààbọ̀ rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Ó ní kí n tún un wọ̀n. Bákan náà ni.

Zubaidah tó ń ta àkàrà ní iwájú ọ̀nà ń kọjá, ó dúró.

"Ẹ̀yin bàbá yìí, kí lẹ̀ ń gbọ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù?"

"Ọmọ," Láyí dáhùn. Kò gbé orí.

"Kí Ọlọ́run sọ̀ ọ́ láyọ̀ o," Zubaidah ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó fi ṣe é. Ó ń kùn, ó ń nù ún. Ọwọ́ ọ̀tún Màmá ni kò jẹ́ kí ó sùn. Kò sí nínú àwòrán, ẹ̀yìn obìnrin náà ni ó wà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ènìyàn mọ̀ láti ara èjìká pé ọwọ́ náà wà níbẹ̀, pé ó ń di nǹkan tó wúwo mú. Èjìká yẹn nìkan, ó tún un ṣe ní ìgbà mẹ́jọ.

Ó parí rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan. Mo ń bọ̀ láti mọ́sálásí. Ó pè mí wọlé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú Màmá.

"Kí ló ń ṣe wọ́n?"

Mo wò ó pẹ́. Mo ní, "Ẹ̀rù ń bà wọ́n. Wọn ò sì fẹ́ kí ẹni tó wà lórí ìdúró yìí mọ̀."

Láyí wá ibi kan jókòó sí.

Mo sọ èyí tó kù fún un nítorí pé ó yẹ kí n sọ ọ́. "Láyí, ìkúnlẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Kí ló ṣe ìkúnlẹ̀?"

"Àgbàlagbà ló kúnlẹ̀ fún ọmọdé yẹn."

"Wọn ò kúnlẹ̀ fún un. Ibẹ̀ ni ikùn wà."

Mo padà sídìí iṣẹ́ mi.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ní aago mẹ́rin, a gbé e lọ sí àgbàlá ìjọ, a fi ti ògiri. Èèyàn mẹ́fà ni wọ́n wá wò ó. Wọ́n dúró. Sanmí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọwọ́ màmá mi kejì dà?"

"Ó wà lẹ́yìn obìnrin yẹn, sà. Wọ́n fi dì í mú."

"Mi ò rí i."

"Ẹ ò lè rí i. Ẹ̀yìn ló wà."

"Ṣé ọlọ́wọ́ kan ni màmá mi?"

Alàgbà Jacob yọ báírò lápò, ó sún mọ́ àwòrán, ó ń fi báírò ka ìka Màmá. "Mẹ́rin," ó ní. "Ìka mẹ́rin. Láyí, ibo lo gbé ìkárùn-ún sí?"

"Àtàǹpàkò wà lábẹ́ ikùn, sà."

"Etí ńkọ́? Etí kan ṣoṣo ló wà níbí."

"Èkejì ló wà lára ikùn. Èyí tí wọ́n fi ń gbọ́ nìyẹn."

"Ó yẹ kó ya èyí tó ń gbọ́, kó fi èyí tí kò gbọ́ pamọ́," ọ̀kan nínú wọn wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láyí kò rín.

Sanmí kò rín náà. Ó ń wo orúnkún Màmá lórí sìmẹ́ǹtì. "Ta ni ọmọbìnrin yìí tí màmá mi kúnlẹ̀ fún? Tí àwọn ẹbí wa bá ti Lálúpọn dé lọ́jọ́ ìṣílé, tí wọ́n bá ìyá wọn lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ọmọ kékeré, kí ni màá wí?"

Mo ní, "Ṣé wọn kì í kúnlẹ̀ ni, tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́?"

"Wọ́n ń kúnlẹ̀, Bàbá. Inú yàrá ni. Ohun tí ènìyàn ń ṣe nínú yàrá yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n á gbé kọ́ sára ògiri."

"Bàbá Mùjíbátù," Alàgbà Jacob wí, "ẹ̀yin Mùsùlùmí kì í gbé àwòrán kọ́ sí mọ́sálásí. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a ń gbé e kọ́ sọ̀rọ̀."

"Pákó ni tèmi," mo ní. "Ṣé pákó náà dára?"

"Pákó dára."

Obìnrin kan ń gbá àgbàlá náà. Ó ti gbálẹ̀ dé ẹ̀yìn wa. Mo rí i pé ìró ìgbálẹ̀ ti dákẹ́, mo sì yíjú. Ó dúró, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì di ìbàdí mú. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. N kò mọ iye ọmọ tí ó bí sí ilé náà, n kò sì mọ̀ bóyá gbogbo wọn ló yè. Láyí rí i náà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé ẹni tó yẹ kó wò ó ti wò ó.

Sanmí nàka sí i. "Ẹ wo nǹkan. Ẹ wo obìnrin yìí. Àwòrán tó ń pa èèyàn lẹ́kún, ṣé ilé ìbímọ la ó gbé e kọ́?"

Obìnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó tọrọ gáfárà, ó padà sẹ́nu ilẹ̀ gbígbá.

Wọ́n ní kí Láyí tẹ̀lé fọ́tò. Ìṣílé ku ọjọ́ mẹ́tàlá. Láyí bẹ̀ wọ́n. N kò gbọ́ kí ó bẹ ènìyàn rí. Ó ní òun á jẹ́ kí Màmá jókòó, òun á ya ìka mẹ́wàá, òun á ya etí méjì. Ó ní kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí òun fi ọrùn sílẹ̀ bí ó ṣe wà, kó tẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ́tí.

"Ọrùn màmá mi kò wọ́," Sanmí ní.

Mo ní màá gé pákó mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́, kí Láyí tọ́jú ti àkọ́kọ́ sílé. Sanmí ní rárá. Ó ní òun kò fẹ́ kí ìkúnlẹ̀ ìyá òun wà níbì kankan, pé kí wọ́n kùn ún pa. Kò pariwo. Ìyá rẹ̀ ni.

Èmi àti Láyí gbé pákó náà lérí padà, mo wà níwájú, ó wà lẹ́yìn. Nígbà tí a dé ibi afárá mo ní, "Kọ̀ fún wọn."

"Tí mo bá kọ̀, ẹlòmíràn ni wọ́n á gbé e fún kó kùn ún pa," ó ní. "Kó má jẹ́ ẹlòmíràn."

Mo ní kí ó fi fóònù yà á kí ó tó kùn ún. Ó yà á. Ó wo inú fóònù náà, Màmá kò ju àtàǹpàkò lọ níbẹ̀. Ó ní èjìká yẹn kò sí mọ́. Ó pa á rẹ́.

Ọ̀dà funfun ni ó fi kùn ún, lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbọ́ búrọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ ògiri mi. N kò lọ wò ó.

Ó ta òwú sórí fọ́tò, ó ta òwú sórí pákó, ó pín méjèèjì sí ihò onígun mẹ́rin kéékèèké, ó ń kó Màmá láti ihò kan sí ihò kejì bí ẹni tó ń kó iṣu sínú àká. Ọjọ́ mẹ́rin ni. Ìka mẹ́wàá, etí méjì, bàtà méjì, gèlè tó dúró ṣánṣán. Kò pè mí wá wò ó. Kò bi mí ní nǹkan kan.

Wọ́n gbé e kọ́ ní ọjọ́ ìṣílé. Àwọn ará Lálúpọn wá. Wọ́n ní Màmá gan-an nìyí. Wọ́n tò sábẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ́, wọ́n ń ya fọ́tò. Sanmí bọ Láyí lọ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn. Ṣeunfúnmi wá láti Ajíbọ́dè, ó wò ó, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá mi. Ó dára gan-an." Láyí ní, "O ṣeun." Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ọmọ náà. Láyí wò mí, mo sì dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n lọ jẹun, mo dúró sí ibẹ̀. Wọ́n gbé àwòrán náà kọ́ ga, ọwọ́ mi kò lè tó o. Mo sún sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ mẹ́fà, mo di ojú kan, mo na àtẹ́lẹwọ́ títí ó fi bo ojú Màmá. Mo bi ara mi léèrè ohun tó ń ṣe wọ́n. Mo rí aṣọ. Mo rí àga.

Láti ìgbà náà lẹ́tà nìkan ni Láyí ń kọ. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Nọ́ńbà fóònù. Má ṣe da ilẹ̀ síbí. Elégbòogi kan wá, ó fẹ́ ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Láyí ní òun kò ya ènìyàn mọ́. Elégbòogi náà bi mí pé kí ló ṣe ọkùnrin yìí. Mo ní ojú ni. Ojú kọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nínú ọyẹ́, mo ń fá pákó àfàrà kan. Ó gùn, mo sì ní láti tẹ̀ mọ́ ọn gidigidi, ìfági ń kọlu kókó inú igi. Mo gbójú sókè, mo rí Láyí lẹ́nu ọ̀nà. N kò mọ ìgbà tí ó dé. Ó mú èédú kan lọ́wọ́.

"Ẹ máa báṣẹ́ lọ, Bàbá," ó ní. "Ẹ má dá mi lóhùn."

Ó fa pákó oníbàárà mi kan tó fara ti ògiri mọ́ra. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí n kò ti rí èédú lọ́wọ́ rẹ̀. Inú mi dùn. Mo gbọ́ tí èédú fa ìlà kan. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

"Bàbá Mùjíbátù."

"Hẹn."

"Ẹ wo ara yín."

Mo wo ara mi. Mo ti gbé ìfági kalẹ̀. Mo ti na ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà papọ̀. Mo kó ọwọ́ méjèèjì síwájú, gbogbo ìka là sílẹ̀, a lè kà wọ́n.

"Ẹ̀yin náà," Láyí ní.

Mo tẹ̀ padà kíá, mo gbá ìfági mú. Ó mi orí. Ó ní ẹ̀yìn ti àkọ́kọ́ yẹn ti lọ, èyí kì í ṣe òun. Ó ju èédú sínú ẹ̀rún pákó, ó padà sídìí pátákó oníkẹrosíìnì tí ó ń kọ.

Mo lọ wo pákó náà. Ìlà kan ló wà lára rẹ̀, láti ọrùn dé ìbàdí, ó tẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n. Íǹṣì mẹ́sàn-án. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo apá òkè rẹ̀ níbi tí orí ì bá wà. Àgbàlagbà kan ni, pákó ń le mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ẹni tó ni pákó náà ti wá béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní n kò tíì fá a tán.